Títí Aṣọ Yóò Fi Kúrò Lórí Òfì

Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ fún mi ná. Ṣé kì í ṣe fíìmù tí ẹ wò lánàá ni ohùn rẹ̀ tún ń ta sí mi létí yìí? Mo ti mọ ohùn ọkùnrin tó ń bú ìyàwó rẹ̀ yẹn. Láàárọ̀ ó bú u, lọ́sàn-án ó tún bú u, ọ̀rọ̀ kan náà ni, kò tilẹ̀ fi iyọ̀ sí i. Mi ò bá yín jà o. Ẹni tí ọbẹ̀ bá dùn mọ́ lẹ́nu, ó di dandan kó tún nawọ́ sí ìkòkò. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹ ò jẹ́ kí ti àárọ̀ dà nínú yín kí ẹ tó bu ti ọ̀sán lé e.

O wá ń bi mí, ìwọ àbúrò wọn, pé ọjọ́ mélòó ló yẹ kí èèyàn fi sílẹ̀ kó tó tún fíìmù tó fẹ́ràn wò. Ìbéèrè rere ni. Mi ò mọ ọjọ́ tó yẹ o, ṣùgbọ́n mo mọ bí àwa ṣe ń dúró nínú ilé yìí, nígbà tí Bọ́sẹ̀ tó bí yín ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá fẹ́ tún fíìmù wò nígbà náà, òfì ló kọ́kọ́ ń lọ wò. Ẹ má wojú ara yín. Òfì ni mo pè é, èyí tí àwọn obìnrin wa fi ń hun aṣọ. Títí aṣọ tó wà lórí òfì yóò fi kúrò níbẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ. Àṣẹ Ìyé ni.

Ìyé là ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. Ìyá tó bí mi ni mò ń sọ. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Èkó, tí gbogbo obìnrin ń jẹ́ Mọ́mì lẹ́nu yín, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Yorùbá inú ìwé ni mo fi ń bá yín sọ ọ́ yìí, nítorí bí mo bá fi ti Kàbbà sọ ọ́ délẹ̀délẹ̀, ẹ ó máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Ìlọrin ni ìjọba wa wà nígbà náà. Ọmọ Kwara ni wá, ó sì ti mọ́ wa lára. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe níbí, bí wọ́n bá ní kí a wá sí ìpàdé, ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀ là ń gbà lọ, eruku a fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí a ó fi dé. Ọ̀nà yẹn ni mo gbà gbé ẹ̀rọ fídíò wálé. Orí itan mi ló wà láti Ìlọrin dé Kàbbà. Ọmọ ọkọ̀ ní kí n jẹ́ kí òun gbé e sẹ́yìn, mo ní kó kúkú gbé èmi sẹ́yìn.

Ọ̀kadà kò tíì gba ìgboro bó ṣe gbà á báyìí. Ohun tó ń jí wa láàárọ̀ ni ìpè àdúrà láti mọ́ṣáláṣí, agogo ṣọ́ọ̀ṣì, odó, àti àpásà Ìyé. Àpásà ni igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń lu òwú mọ́ra lórí òfì. Gbì, gbì, á dákẹ́ díẹ̀, á tún ní gbì. Láti orí ibùsùn ni mo ti ń mọ irú ọkàn tí Ìyé bá jí. Bí inú bá ń bí i, òwú ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àwa á wá gbọ́ ìyókù nídìí ẹ̀kọ.

Fíìmù tí ilé wa fẹ́ràn yìí, àwọn eléré orí ìtàgé kan ló ṣe é. Ọba agbéraga kan ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ kan ó wọ agbádá tuntun, ó jókòó sáàrin àwọn ìjòyè, ó ní ẹni tó bá wúkọ́ yóò rí òun. Gbogbo ààfin pa rọ́rọ́. Ewúrẹ́ kan bá yọ́ wọlé láti ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí agbádá ọba. Kò sí orin níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀. Àwọn ìjòyè ń rí i, ẹ̀rù ò jẹ́ kí wọ́n wí. Ọba ń na ọrùn, ewúrẹ́ ń jẹun. Ìgbà tí ọba fi máa dìde, ìdajì aṣọ ti lọ.

Ibẹ̀ ni Ìyé máa ń dúró dè. Kí ewúrẹ́ tó la ẹnu, Ìyé ti bú sẹ́rìn-ín. Á fi ọwọ́ gbá itan, á tú gèlè fi nu ojú, á máa sọ fún ewúrẹ́ pé, “Jẹ ẹ́! Jẹ ẹ́ tán pátápátá!” Ẹ̀rín Ìyé ló ń pa àwa lẹ́rìn-ín ju ewúrẹ́ lọ.

Níbẹ̀rẹ̀, kò sí àṣẹ kankan. Ọ̀sẹ̀ tí fídíò dé, bí iná bá ti wà báyìí, ọba ti jókòó. Àpásà dákẹ́. Obìnrin kan wà ní ìlú Ìyàrà tó ti ní kí Ìyé hun aṣọ tí ọmọ òun máa mú lọ sílé ọkọ. Ó dé lọ́jọ́ kan láti wá gbé e, ó bá òwú bó ṣe fi í sílẹ̀. Kò pariwo. Ó fa àpótí, ó bá wa wo fíìmù náà tán, ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. “Ìyé, okun o,” ó ní, bí a ṣe ń kí ara wa níbí. “Fíìmù yìí náà ni ọmọ mi á ró lọ sílé ọkọ nìyẹn.”

Ìtìjú bá Ìyé débi pé kò lè jẹun ọ̀sán. Nírọ̀lẹ́ ó pè wá jọ.

“Ohun tó bá dùn jù, iṣẹ́ ló ń jẹ,” ó ní. “Láti òní lọ, aṣọ kan, fíìmù kan. Ọjọ́ tí mo bá gé aṣọ kúrò lórí òfì la ó wò ó. Bí mi ò bá tíì gé e, kí ọba yẹn máa sùn nínú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀.”

Ìyàwó mi, Ìyá Bọ́sẹ̀, ìyá ìyá yín, ọmọ Ponyan ni, oko ni wọ́n mọ̀ nílé wọn, kò hun aṣọ rí. Ó ní, “Ìyé, àwa tí a ò mọ aṣọ í hun ńkọ́?”

“Ẹ wá bá mi ká òwú.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe di ẹni tó ń ká òwú. Àwọn ọmọ á ti ilé ìwé dé, wọn ò ní tíì bọ́ bàtà, wọ́n á ti wà nídìí Ìyé. Àdúgbò mọ̀. Ẹni tó bá ń kọjá lọ sọ́jà á yà, á ní, “Ìyé, okun iṣẹ́ o, ó kù bí báwo?” Ìyé á na apá láti fi ibi tó kù hàn án, onítọ̀hún á mirí bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ara aláìsàn. Ẹ̀gbọ́n mi Rájí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé Ìyàrà, òun kì í bèèrè àlàáfíà wa mọ́. Aṣọ ló ń bèèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ìdúró yẹn náà dùn. Bí a bá ń ṣa ẹ̀gúsí nírọ̀lẹ́, fíìmù là ń sọ. Bọ́sẹ̀ á sọ ọ́, á fi tirẹ̀ kún un. Ó ní ewúrẹ́ náà jẹ fìlà ọba. Kò jẹ fìlà. A ó jiyàn títí, a ò sì lè wò ó láti mọ ẹni tó jàre, àfi kí aṣọ kúrò lórí òfì. Nígbà tí ọjọ́ bá wá kò, a ti gbàgbé díẹ̀, a sì rántí díẹ̀, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló ń mú kí ojú wa le sí i. Ẹ̀yin ò rí àyè gbàgbé ohunkóhun. Àánú yín ń ṣe mí níbẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an, iyán ni. Ìyé á gé aṣọ, á ká a sórí itan, á fi ọwọ́ pa á lórí bí ọmọ tuntun. Ẹ̀gbọ́n Rájí á ti dé láti ọ̀sán pẹ̀lú ẹ̀pà yíyan. Iná ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá. Ìgbà kan iná lọ nígbà tí ewúrẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu, kásẹ́ẹ̀tì há sínú ẹ̀rọ, ọjọ́ mélòó kan ni iná ò fi dé. Ẹ̀gbọ́n Rájí kọ̀, kò pa dà sí Ìyàrà. Ó ní òun ò lè fi ẹnu ewúrẹ́ sílẹ̀ lófìfo. Bí àkókò ìrun bá sì tó, a ó dá fíìmù dúró fún un. Ọba á máa gbọ̀n lójú tẹlifíṣàn, ìlà funfun á máa gba ojú rẹ̀ kọjá, títí ẹ̀gbọ́n mi á fi ká ẹní. Ìyé kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kùn. Ó ní Ọlọ́run ló ṣáájú ewúrẹ́.

Nígbà tó yá, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lórí òfì.

A ò kọ́kọ́ fura. Àgbà ti ń dé sí Ìyé, a ní kó rọra. Aṣọ tó wá dá wàhálà sílẹ̀ ni èyí tó ń hun fún Bọ́sẹ̀, tí wọ́n ti gbà wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìlọrin. Aró ni, ó dúdú, ó ń dán, Bọ́sẹ̀ máa fi bora níbẹ̀. Ìyé bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí òjò ń dá, ọyẹ́ dé bá a níbẹ̀. Gbì. Á dákẹ́ pẹ́. Gbì. Bọ́sẹ̀ ń kùn pé Ìyé mọ̀ọ́mọ̀ ń fi fíìmù dù wọ́n ni. Èmi náà rò pé agídí ni. Ṣùgbọ́n Ìyá Bọ́sẹ̀ rántí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a wo fíìmù náà kẹ́yìn. Ó ní nígbà tí ewúrẹ́ wọlé, Ìyé ò rẹ́rìn-ín. Àwa la rẹ́rìn-ín, tirẹ̀ wá tẹ̀lé e. Mo ní bóyá oorun ló ń kùn ún.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ro ti ọmọ rẹ̀, ó ro ti aṣọ, ó ní òun á ràn án lọ́wọ́ díẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀. Lọ́jọ́ tí Ìyé lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sídìí òfì. Ó ti ń wò ó tipẹ́, ó rò pé wíwò ni mímọ̀. Ó ń hun, ó ń dùn mọ́ ọn, àfi bí òwú aró ṣe tán lára igi tí wọ́n ká a sí. Àpótí tí ìyókù wà, Ìyé ti tì í, kọ́kọ́rọ́ sì wà ní ìbàdí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òwú tí Bọ́sẹ̀ fi ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nílé ìwé wà nítòsí, àwọ̀ ọsàn tó pọ́n dẹ́dẹ́. Ìyá Bọ́sẹ̀ mú un. Ó fẹ́ fi kọ́ ọwọ́ ni, kó sì tú u kí Ìyé tó dé. Ìpàdé ò ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ìyé ti wà lẹ́nu ọ̀nà kó tó mọ̀.

Ìyá Bọ́sẹ̀ sá bọ́ sí ilé ìdáná, ó ń retí igbe. Òwú ọsàn láàrin aṣọ aró! Ó hàn ní àárín, ó tún wá hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní etí méjèèjì. Ìyé jókòó. Ó fi ọwọ́ pa aṣọ náà.

“Ta ló fọwọ́ kan aṣọ mi?”

Ó tún fi ìka tẹ ibẹ̀.

“Ọwọ́ ẹni náà fúyẹ́. Kò lu ú mọ́ra.” Ó mú àpásà, ó lu ibi tó dẹ̀ náà títí ó fi le. Ó mú òwú aró láti inú àpótí, ó sì ń hun lọ lórí ọsàn. Kò sọ nǹkan kan nípa àwọ̀.

Ìyá Bọ́sẹ̀ wá bá mi ní yàrá. “Bàbá Bọ́sẹ̀,” ó ní, “Ìyé ò ríran mọ́.” Mo dìde kí n lọ bá a. Ó di aṣọ mi mú. “Ẹ jókòó. Bí ẹ bá wọlé tọ̀ ọ́ báyìí, ìhòòhò lẹ ó bọ́ ọ sí.”

Ẹ gbọ́ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ìyé ní ọ̀rẹ́ kan ní Ògìdì, ahunṣọ bíi tirẹ̀. Nígbà tí ojú ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, àwọn ọmọ rẹ̀ kó òfì rẹ̀ kúrò kó lè sinmi. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Obìnrin náà ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ látàárọ̀, bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ á ní, “Ta nìyẹn?” Ìyé máa ń sọ ìtàn yìí, á sì fi kún un pé, “Wọ́n fún un ní ìsinmi, ìsinmi sì pa á.” A ti gbọ́ ọ títí, a ò mọ̀ pé ara rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún.

Ilẹ̀ mọ́. Mo wà ní ọ̀nà inú ilé, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Ìyé, okun iṣẹ́ o.”

“Okun o, ìyàwó.”

“Èmi ni mo fọwọ́ kan aṣọ yín.”

“Mo mọ̀. Ọwọ́ tó ń gún iyán kò yẹ kó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀.”

“Òwú tán mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fi òmíràn sí i.”

Àpásà dákẹ́. Mo rí ìka Ìyé tó ń rìn lórí aṣọ náà, ó ń wá a, kò sì rí i, nítorí òwú ni òwú lábẹ́ ìka.

“Àwọ̀ wo ni?”

Ìyá Bọ́sẹ̀ lè ní aró ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀. “Ọsàn ni, Ìyé.”

“Ọsàn tó pọ́n?”

“Ọsàn tó pọ́n.”

“Ó hàn?”

“Ó hàn, Ìyé.”

“Háà.” Ó gbé àpásà sílẹ̀. “Èmi ni mo sì hun aṣọ lé e.”

Ó wá sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ kéré. “Ọjọ́ fíìmù ni mò ń sá fún. Mo lè fi ọwọ́ hun aṣọ. Ibi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù náà, etí mi ń bá mi wò ó. Ibi tó dákẹ́ yẹn ló máa tú àṣírí mi. Ewúrẹ́ á wọlé, mi ò ní mọ̀, gbogbo yín á sì wo ojú mi. Ẹ ó kó òfì mi.”

“Kò sí ẹni tó máa kó o. Ẹ kọ́ mi, Ìyé. Ẹ fi ọwọ́ yín hun ún, kí n máa fi ojú bá yín mú òwú.”

“Ìwọ? Ìwọ tí o ò mọ ọsàn yàtọ̀ sí aró?”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo wà ní ọ̀nà, ẹkún ni mò ń sun. Ìyá Bọ́sẹ̀ ní kí òun tú ọsàn náà. Ìyé ní rárá, kó fi í sílẹ̀, kí Bọ́sẹ̀ lè máa rí ibi tí ìyá rẹ̀ ti bá òun hun ún.

Mo gbé Ìyé lọ sí Ẹ̀gbẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn dókítà. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì sọ òótọ́ fún wa pé èyí tó ti lọ ò ní pa dà. Nígbà tí a dé, ìdí òfì ló lọ tààrà. Láti ọjọ́ yẹn, ohùn méjì la ń gbọ́ níbẹ̀, ẹnì kan á ní, “Èyí?” ẹnì kejì á ní, “Rárá, ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.” Gbì, gbì, gbì. Kó tó di ọdún Àjíǹde, aṣọ kúrò lórí òfì.

Iyán ni. Ẹ̀gbọ́n Rájí dé pẹ̀lú ẹ̀pà rẹ̀. Òun àti àwọn ọmọ ò mọ ohunkóhun nípa ojú Ìyé. Ìyé jókòó síwájú bíi ti tẹ́lẹ̀, aṣọ tuntun lórí itan rẹ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀ sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Mi ò wo fíìmù lọ́jọ́ náà, àwọn méjèèjì ni mò ń wò. Ọba jókòó. Ó ní ẹni tó bá wúkọ́ yóò rí òun. Gbogbo ààfin pa rọ́rọ́, yàrá wa náà pa rọ́rọ́. Ọwọ́ Ìyé di aṣọ náà mú. Ìyá Bọ́sẹ̀ tẹ orí sí i létí, bí ẹni tó fẹ́ bá a tún gèlè ṣe.

Ìyé bú sẹ́rìn-ín. Ó gbá itan. “Jẹ ẹ́! Jẹ ẹ́ tán pátápátá!” Ìgbà náà ni ewúrẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ orí.

“Ìyé, ojú yín mà mú o!” Ẹ̀gbọ́n Rájí ní. “Ẹ ti rí ewúrẹ́ ṣáájú gbogbo wa.”

“Mo rí i,” Ìyé ní, ó ń fi gèlè nu ojú. “Mo rí i dáadáa.”

Nígbà tí fíìmù parí, Bọ́sẹ̀ dìde bíi ti àtẹ̀yìnwá láti yọ kásẹ́ẹ̀tì, kó fi aṣọ wé e títí di ìgbà mìíràn. Òfì wà ní igun rẹ̀ lófìfo, kò sí fọ́nrán òwú kan lórí rẹ̀.

“Fi sílẹ̀ níbẹ̀,” Ìyé ní.

“Ìyé?”

Ìyé ti na ọwọ́ mú ọwọ́ Ìyá Bọ́sẹ̀. “Dá a pa dà síbi ewúrẹ́.”

Kò sí ẹni tó bèèrè aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́sẹ̀ tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ náà kùn, ó sì ń pa dà sẹ́yìn.